Bàtà Lójú Fèrèsé

Ní Ísafjörður, létí omi, nínú oṣù Ọ̀pẹ,
oòrùn ti dágbére fún wa láti ìparí oṣù Bélú;
òkè ló dí i lọ́nà.
Aago mẹ́wàá òwúrọ̀, iná ilé ṣì ń tàn.

Bó bá ku òru mẹ́tàlá kí Kérésìmesì dé,
àwọn bàbá orí òkè a bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀ kalẹ̀, ọ̀kan lóru kan,
wọn a yẹ bàtà tí ọmọdé gbé sójú fèrèsé wò.
Ọmọ tó gbọ́ràn, ẹ̀bùn.
Olóríkunkun, ọ̀dùnkún kan, tútù, tòun ti iyẹ̀pẹ̀ lára.
Bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a nílé. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe sọ fún Ketill.
N kò mọ̀ pé kòtò ni mò ń gbẹ́.

Lọ́jọ́ kẹta ó ti ilé ìwé dé,
kò bọ́ ẹ̀wù òtútù, kò ṣí fìlà,
ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, yìnyín ń yọ́ lára rẹ̀ sílẹ̀.
"Màmá, kí ni mo ṣe?"
Ṣe bí i ti báwo?
"Tindur rí aago ọwọ́ nínú bàtà tiẹ̀,
aago tó ń tàn, tó ń ka ìṣísẹ̀ ẹni.
Èmi rí ọsàn tanjarínì.
Tindur ló ti Embla ṣubú lọ́jọ́ Ajé.
Èmi ni mo gbé Embla dìde.
Àbí àwọn bàbá náà ò ríran dáadáa ni?"

Ẹ gbà mí.
Láti aago mẹ́fà ni mo ti ń la inú ẹja,
ẹja tí wọn yóò sá sínú atẹ́gùn kó di pánlá.
Mo fẹ́ sọ pé ìka ò dọ́gba.
Mo wo ìka rẹ̀, márààrún, pupa fún òtútù,
mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì.
Mo fẹ́ sọ pé ojúkòkòrò ò dáa,
pé ọmọ kan ń bẹ níbì kan tí kò ní bàtà rárá.
Bẹ́ẹ̀ ni ìyá tèmi ṣe ń wí.
Kò lé ìlara lọ nígbà náà,
ìtìjú ló wá bá a jókòó.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú omi yìnyín.
Mo ní, Ketill, ó dùn ọ́.
"Ó dùn mí níbí," ó fọwọ́ kan ọ̀nà ọ̀fun.
Mo ní, èmi náà mọ ibẹ̀.
Lánàá, ìyá Tindur wa ọkọ̀ tuntun kọjá,
ọkọ̀ tí àga rẹ̀ ń gbóná fúnra rẹ̀,
mo sì gbàdúrà kí ẹyẹ òkun yàgbẹ́ sí i lórí.
Ojú rẹ̀ là. "Ṣé ó yàgbẹ́ sí i?"
Ẹyẹ méjì.
A rẹ́rìn-ín títí inú fi ń dùn wá bí ẹni pé wọ́n fún un.

A bó ọsàn náà. Awẹ́ mẹ́sàn-án.
Ó mú márùn-ún, ó fún mi ní mẹ́rin,
ó kà á lẹ́ẹ̀mejì kó tó fi lé mi lọ́wọ́.

Lálẹ́, bàtà bàbá mi ni mo bá lójú fèrèsé,
bàtà rọ́bà apẹja, tó ga dé orúnkún,
ó fi ìwé mẹ́ta tì í kó má baà ṣubú.
"Bóyá àyè ni kò tó," ló wí, ló bá sùn lọ.

Aago mẹ́ta òru. Èmi rèé, bàtà ńlá rèé.
Owó oṣù ò ì wọlé.
Mo ju ọsàn kan sí i; ó pẹ́ kó tó balẹ̀.
Mo sunkún díẹ̀, kì í ṣe púpọ̀.
Mo wá mú bébà, mo fi ọwọ́ òsì kọ ọ́,
wọ́gọwọ̀gọ, bí ìkọ̀wé arúgbó:
*A rí ẹni tó gbé Embla dìde.*

Òwúrọ̀, ó ki apá bọ bàtà dé abíyá.
Ó ka bébà náà. Ó tún un kà.
Ó ká a wẹ́wẹ́, ó tì í sínú ìbọ̀sẹ̀, lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀.

Ẹ má rò pé ó parí síbẹ̀.
Lójú ọ̀nà ilé ìwé Tindur na ọwọ́, aago tàn
nínú òkùnkùn aago mẹ́jọ.
Mo rí ọmọ mi bó ṣe wò ó. Ó wò ó pẹ́.
Ó tó ṣẹ́ẹ́ kó tó ní, "Mélòó la ti rìn?"
Wọ́n forí korí, wọ́n ń kà.
Èmi náà ń kà lẹ́yìn wọn:
òru mẹ́sàn-án ló kù,
bàtà bàbá mi sì jìn.